Ọ̀gá Mọ̀nàmọ́ná àti Odò Tí Kò Gbàṣẹ

Ọ̀rọ̀ àga ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó jókòó lórí àga náà kò ní gbà ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí kì í bá ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọkùnrin yìí jẹ Ọ̀gá Àgbà ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá àtijọ́ tó wà létí odò wa, àga tó bá nínú ọ́fíìsì dára, ó lágbára, ó sì gba ìdí ènìyàn. Ọ̀gá wò ó, ó mi orí, ó ní àga náà kò mọ irú ẹni tó fẹ́ jókòó lé e. Ó pe káfíńtà, ó ní kó gbé e sókè. Káfíńtà gbé e sókè. Ó ní kò tíì tó. Nígbà tí káfíńtà fi máa parí iṣẹ́, ẹsẹ̀ Ọ̀gá kò kan ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní láti wá àpótí tí yóò máa gùn kó tó lè jókòó. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì náà á máa wòkè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ẹ̀rín yín pamọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Ilé-iṣẹ́ yìí ju Ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí, ó ju bàbá tó bí i lọ pẹ̀lú. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, fèrèsé rẹ̀ ga, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán nítorí àwọn tó ti ń nù ún kí wọ́n tó bí wa. Odi gbọọrọ kan ló sé odò lókè. Omi á gba inú páìpù ńlá kan já wálẹ̀, á lu kẹ̀kẹ́ irin, kẹ̀kẹ́ á máa yí, iná á sì dé ilé gbogbo wa. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà kò lè gbé mì, ìdọ̀tí ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ ọ fi ri asẹ́ irin ńlá kan mọ́ ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, kí ewé àti igi má baà bá omi wọ inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n asẹ́ kì í gbá ojú ara rẹ̀. Bí ewé bá bò ó, omi ò ní ríbi gbà, kẹ̀kẹ́ á sì dúró.

Nítorí náà, láti ayé àwọn bàbá wa ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní ọjọ́ tirẹ̀ lẹ́nu asẹ́. Bó bá kan ilé yín, ẹ ó jí láàárọ̀, ẹ ó gbé réèkì elérùkù gígùn, ẹ ó lọ dúró lórí afárá kékeré tó wà níbẹ̀, ẹ ó sì máa wọ́ ewé sókè. Ẹnu asẹ́ yìí la ti ń gbọ́ ìròyìn tó bá gbóná jù nílùú. Ibẹ̀ ni tọkọtaya tó bá ń bára wọn yodì ti ń sọ̀rọ̀ tipátipá, nítorí réèkì náà wúwo, ọwọ́ ẹni méjì ló ń gbà. Ìyàwó tuntun tí kò bá tíì wọ́ ewé rí, a ò tíì kà á mọ́ ará ilé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, nígbà tí kò tíì yọ ikùn, wọ́ ewé níbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Èyí gan-an sì ni ohun tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí.

Ẹni tó jọ ń bá a gbé réèkì nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun ló tọ́ Ọ̀gá dàgbà. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, iná sì ni ààrò rẹ̀ ń lò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ju ojú lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ìsọkúsọ.

Ìsọkúsọ sì wá pọ̀ lásìkò Ọ̀gá ju omi odò lọ. Ó kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ ní Mọ̀nàmọ́ná. Ó ní orúkọ tí bàbá òun sọ òun kò tan ìmọ́lẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkíni, dá àṣà tuntun sílẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé, “Ta ló ṣe èyí?” nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá wà nítòsí gbọ́dọ̀ pa ohùn pọ̀ dáhùn pé, “Ọ̀gá wa ni!”

Láràárọ̀ ni wọ́n ń to àwọn òṣìṣẹ́ sínú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ. Ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé àyà, á gbẹ́nu sókè.

“Ta ló ń yí kẹ̀kẹ́ yìí?”

“Ọ̀gá wa ni!”

“Ta ló gbé iná dé ilé yín?”

“Ọ̀gá wa ni!”

“Ta ló mú kí odò máa ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀?”

Níbi èyí, àwọn kan máa ń rò ó pé bóyá ó yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé á wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dáhùn. Bàbá Ẹ̀rọ nìkan ni kì í tètè dáhùn. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ariwo kẹ̀kẹ́ sì ti jẹ etí rẹ̀ tán pátápátá. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti dákẹ́ ni tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, “Ọ̀gá wa ni!” Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó jọ gbohùngbohùn.

Lọ́jọ́ kan ó gbé àṣà náà dé ilé búrẹ́dì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń bá yín yan búrẹ́dì?”

“Èmi ni.”

“Rárá, iná ni. Ta ló wá ni iná?”

“Odò ni.”

“Ta ló ni odò?”

“Àbúrò mi, àwọn oníbàárà wà lẹ́yìn rẹ. Bí o kò bá ní ra búrẹ́dì, yẹ̀nà.”

Ó yẹ̀nà. Nínú gbogbo ìlú, ẹnu obìnrin yìí nìkan ni “Ọ̀gá wa ni” kò tíì gbà jáde rí, ó sì máa ń dun Ọ̀gá bí ẹ̀gún inú bàtà.

Ní ọdún náà ni ìròyìn dé pé ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ láti olú-ìlú. Ọ̀rọ̀ wọn kò díjú. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ wa ti pẹ́ jù, wọ́n fẹ́ wá fi ojú ara wọn wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ṣì ṣeé gbára lé. Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n lójú wọn, wọ́n á ti í pa, wọ́n á sì ṣèlérí láti fa wáyà tuntun wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ mọ bí ìlérí ìjọba ṣe ń rìn, ẹsẹ̀ máa ń dùn ún lójú ọ̀nà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ronú nípa ààrò rẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń bá a pò ìyẹ̀fun. Aṣerunlóge ronú nípa ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun. Dókítà ronú nípa fíríìjì tó ń kó oògùn sí. Ẹ̀rù ba gbogbo wa, àfi ẹnìkan.

Ẹni náà ni Ọ̀gá Mọ̀nàmọ́ná. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Akọ̀wé pé bí ìbẹ̀wò náà bá dára, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi òun jẹ Alákòóso Gbogbo Odò ní orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà ni kò ti lè sùn. Odò kan ṣoṣo ti wú u lórí tó báyìí, ẹ wá fojú inú wo gbogbo odò.

Ó pe ìpàdé. Ó gun àpótí, ó jókòó.

“Nínú ọgbọ́n mi tó jinlẹ̀ ju odò yìí lọ,” ó ní, “mo ti rí ohun tó lè dójú tì wá. Àwọn réèkì yẹn ni! Ẹ wò ó. Àlejò ńlá á ti olú-ìlú wá, á fẹ́ rí ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni àgbàlagbà obìnrin tó sán ìró mọ́yà, tó gbé igi gbọọrọ dání, tó ń wọ́ ewé! Wọ́n á ní oko ni mò ń ṣàkóso. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ́ ewé mọ́. Ẹ kó gbogbo réèkì sí yàrá, kí ẹ tì í, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá fún mi.”

“Ọgbọ́n ńlá!” ni Akọ̀wé wí. “Láti ìgbà tí odò ti ń ṣàn, kò sẹ́ni tó ro irú rẹ̀ rí.”

Òótọ́ lèyí. Kò sẹ́ni tó ro irú rẹ̀ rí lóòótọ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbọ́, ó kúrò nídìí ààrò pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó wọ ọ́fíìsì láìkanlẹ̀kùn.

“Àbúrò mi, kó réèkì jáde.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, bí a bá wà ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá ni kí ẹ máa pè mí.”

“Ọwọ́ yìí ni mo fi fọ ìdí rẹ.”

Akọ̀wé wúkọ́, ó ń wo àjà. Ọ̀gá gbìyànjú láti dìde, ó rántí pé àpótí ti yẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, ó tún jókòó.

“Kí lẹ fẹ́ kí àlejò rò nípa mi?”

“Kí iná má lọ ni mo fẹ́. Ìwọ náà mọ ohun tí ewé ń ṣe. A jọ wọ́ ọ ni. Ewé ò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.”

“Á mọ̀ ọ́n láìpẹ́,” ni Ọ̀gá wí. “Mo máa bá odò sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀yin tí ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ rò pé ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ni. Rárá o. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé makirofóònù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sétí odò, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí koríko, Ọ̀gá sì dúró lé e.

“Ìwọ odò! Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ kí mi. Mo gbọ́ pé o máa ń ru ewé. Mo gbọ́ pé o máa ń ru igi gbígbẹ, àti ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò ní èkejì. Ìwà àwọn odò tí kò ní olórí nìyẹn. Láti òní lọ, mo fòfin dè é. Bí o bá tún gbé ewé kan kọjá níbí, n ó yọ ọ́ níṣẹ́!”

Odò ń ṣàn lọ.

“Ó ti gbọ́, Ọ̀gá,” ni Akọ̀wé wí. “Ẹ wò ó bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja.”

“Ìgbà wo ló dìde rí?” ni Bàbá Ẹ̀rọ bèèrè, òun tó jẹ́ pé ohun tí kò yẹ kó gbọ́ nìkan ló máa ń gbọ́.

“Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ọ̀gá,” ni Akọ̀wé dáhùn, “kò dìde mọ́.”

Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé odò jọ ẹni tó gbọ́ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ ní àkókò náà, igi kò gbọn ara, ewé kò sì já bọ́ sómi. Asẹ́ mọ́ tónítóní. Ọ̀gá ń lọ wò ó láàárọ̀, ó ń lọ wò ó lálẹ́, ó ń mi orí bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe dáadáa. Ẹnu ìlú wọhò. Kódà àwọn kan tí orí wọn pé bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá kò lè jẹ́ pé ọkùnrin yìí ní nǹkan kan. Àwa ènìyàn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, a yára láti gba òmùgọ̀ gbọ́ bí ojú ọjọ́ bá ti gbè é lẹ́yìn.

Oríire ọ̀sẹ̀ yẹn ló gùn ún gàlègàlè. Ó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ dé, ó tún pe ìpàdé.

“Odò ti mọ̀ mí báyìí,” ó ní. “Ó kù kó kí àlejò mi. Mo fẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ gbé òdòdó wá pàdé wọn. Gbogbo ilé tí ń wọ́ ewé tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbé agbọ̀n òdòdó wá. Ẹ kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ lọ dà á sódò lókè, kó máa léfòó bọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.”

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé nǹkan kù.

“Ọ̀gá, òdòdó dára. Àmọ́ òdòdó kò lójú. Báwo làwọn àlejò á ṣe mọ ẹni tó rán an? Ẹ jẹ́ ká ya àwòrán ojú yín sórí páálí, ká dà á sódò pẹ̀lú òdòdó. Ibi tí àlejò bá ti bojú wo omi, ẹ̀yin náà lẹ ó máa wo ojú wọn padà.”

Omi bọ́ lójú Ọ̀gá. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnìkan láyé yìí lè mọ inú òun tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ya ojú náà. Páálí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ búrẹ́dì, Ọ̀gá rẹ́rìn-ín lórí gbogbo wọn. Ìlú náà kò gbẹ́yìn, ìbẹ̀rù sọ wọ́n di olùfẹ́ òdòdó. Ilé tí kò bá ní òdòdó gé ẹ̀ka igi tòun tewé. Aṣerunlóge gé gbogbo òdòdó ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tán. Akọ̀wé, kí ìfẹ́ tirẹ̀ lè hàn ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ní kí wọ́n wú igi kékeré kan tegbòtegbò, kí wọ́n so rìbọ́nù mọ́ ọn, kí wọ́n jù ú sómi.

Ọjọ́ pé, ìgbìmọ̀ dé. Olórí wọn ni obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó há báàgì sábíyá, tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Alága ni wọ́n ń pè é. Ó wo ògiri òkúta, ó wo fèrèsé, inú rẹ̀ dùn.

“Ilé yìí mà dára o. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?”

“Ọ̀gá wa ni!” ni gbogbo òṣìṣẹ́ bú jáde. Ìyá Alága fò sókè, báàgì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lábíyá rẹ̀.

“Ó dáa. Igi ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́, ta ló gbìn ín?”

“Ọ̀gá wa ni!”

Ìyá Alága wo igi náà, ẹni mẹ́ta kò lè nawọ́ gbá a mọ́ra. Ó wá wo Ọ̀gá. “Ẹ kú ìgbádùn ọjọ́ orí, sà,” ó ní.

Wọ́n wọ gbọ̀ngàn ẹ̀rọ. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n ta aṣọ dúdú sí gbogbo fèrèsé, kí oòrùn má baà gba ògo ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Gílóòbù ń tàn lókè, kẹ̀kẹ́ ń yí, ìlú pé bìbà. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró lẹ́yìn, ó ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ, kò tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá gun pèpéle.

“Ẹ̀yin àlejò ọlọ́lá! Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ ń jẹ àǹfààní mi! Kí n tó dé, kí ni iná? Kí ni omi? Ẹ rí wọn ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo fi wọ́n han ara wọn...”

Gílóòbù pọ́n díẹ̀.

“...Nígbà tí mo bá wúkọ́, wáyà á gbọ̀n. Nígbà tí mo bá sùn, kẹ̀kẹ́ ń ṣọ́ mi...”

Iná tún rẹlẹ̀ sí i, ó di bàìbàì. Ohùn kẹ̀kẹ́ ń wálẹ̀ bí ti arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Àwọn ènìyàn ń wo òkè, wọ́n ń wo ara wọn.

“Ọ̀gá ń dín iná kù kí ojú àlejò lè sinmi!” ni Akọ̀wé kígbe. Àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀gá gan-an gbà á gbọ́, ó rọra tẹrí ba.

“...Mo sì ń fi dá yín lójú,” ó ní, makirofóònù ti ń sọ ọ́ bí ẹni tó jìn sí kànga, “pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí, iná yìí kò ní...”

Òkùnkùn.

Kẹ̀kẹ́ mí kanlẹ̀, ó dúró. Ohùn Akọ̀wé jáde láti ibì kan nísàlẹ̀, “Ẹ pàtẹ́wọ́!” Àwọn kan sì pa á. Ẹ gbìyànjú láti pàtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn lọ́jọ́ kan, kí ẹ fi ọwọ́ kan náà wá ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí bó ṣe ń rí.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká aṣọ fèrèsé,” ni Ìyá Alága wí.

Wọ́n ká a. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé, ó bá Ọ̀gá tó ṣì gbé ọwọ́ sókè, tó yanu sílẹ̀, tó ń mí dáadáa.

Bàbá Ẹ̀rọ kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó ti gba ẹ̀yìn jáde lọ sẹ́nu asẹ́, gbogbo ènìyàn sì tẹ̀ lé e. Ohun tí a rí níbẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀ lórí ibùsùn, ìyàwó mi á bèèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òdòdó ti kó jọ di òkè. Igi Akọ̀wé dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú asẹ́ pẹ̀lú rìbọ́nù rẹ̀, ó sì fi gbòǹgbò kó gbogbo ẹ̀ka tó ń bọ̀ mọ́ra. Gbogbo àyè tó kù, ojú Ọ̀gá ló dí i. Omi ti lẹ̀ wọ́n mọ́ irin pátápátá, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó síwájú orí ọ̀kan.

Ìyá Alága wò ó pẹ́. “Kí ló dé?”

Òógùn bo Ọ̀gá. Odò gbogbo tó fẹ́ jọba lé lórí ń ṣàn lọ mọ́ ọn lójú. Ó wo òdòdó, ó wo ojú ara rẹ̀ lórí irin, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn, sí gbọ̀ngàn.

“Ẹ̀rọ yẹn ni!” ó ní. “Ó ti gbó! Kò wúlò mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́.”

Ẹ̀rọ tó tan iná sí ọjọ́ ìkómọ wa gbogbo, ẹ̀rọ tí kò ṣẹni kankan rí, òun ni Ọ̀gá ń tì síwájú kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ sá pamọ́ sí. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìyá Alága yọ bírò. “Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀rọ ló gbó? Bí mo bá kọ ọ́, a ó tì í ni, kò ní ẹ̀yìn. Bí ẹnìkan bá mọ nǹkan mìíràn, kó sọ ọ́ báyìí. Ta ló ṣe èyí?”

Ìbéèrè tí wọ́n ti fi odidi ọdún kọ́ nìyí, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo bàtà wọn. Akọ̀wé ń wo bàtà àwọn ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ń bẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń retí kí ẹnìkejì sọ ọ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo àbúrò rẹ̀. Ojú Ọ̀gá bá tirẹ̀ pàdé, ó ń bẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ṣẹ̀ nílé tí kò fẹ́ kí bàbá gbọ́. Obìnrin náà ti bò ó lásìírí rí, lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró rẹ̀, ó jáde síwájú.

“Ọ̀gá wa ni,” ó ní.

Kò pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

“Ẹ̀rọ yẹn kò ṣẹ̀ yín, màmá. Àbúrò mi ló ní ká má wọ́ ewé mọ́. Ọmọ ìyá mi ni, èmi ni mo tọ́ ọ. Bí ẹ bá rí i pé mo tọ́ ọ kù, ẹ kọ tèmi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ẹ̀rọ yẹn.”

Ìyá Alága yíjú sí àwọn yòókù. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ta ló ní kí ẹ kó réèkì pamọ́?”

“Ọ̀gá wa ni!” Ohùn wọn ti ń le bọ̀.

“Ta ló ní kí ẹ da òdòdó sódò?”

“Ọ̀gá wa ni!”

“Ojú ta nìyí?”

“Ọ̀gá wa ni!”

“Àbá ta ló wá jẹ́ pé kí wọ́n ya ojú sórí páálí?”

“Ọ̀gá wa ni!” ni Akọ̀wé nìkan kígbe, ó sì kígbe ju ti gbogbo ìgbà lọ. Ẹ̀rín sọ lódò. Lẹ́yìn tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni Bàbá Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sí i, “Ọ̀gá wa ni!” ni ó bá tún di ẹ̀rín tuntun.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá réèkì kò sí nítòsí, Ọ̀gá ní òun kò rántí ibi tí òun fi í sí. Káfíńtà kò bá a jiyàn, ó ta ìlẹ̀kùn nípàá. Ìlú ya bo afárá. Akọ̀wé ni wọ́n tì sómi láti lọ fa igi rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a fọwọ́ kàn án. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbá réèkì kan mú, ó ń wá ẹni kejì tí yóò bá a gbé e. Ìyá Alága bọ́ bàtà, ó gbé báàgì fún Ọ̀gá, ó ní, “Ẹ bá mi dì í mú, sà,” ó sì dúró ti obìnrin náà. Báyìí ni àwọn ìyá méjèèjì ṣe ń wọ́ ojú Ọ̀gá sókè ní mẹ́jọ mẹ́wàá, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọmọ.

Nígbà tí omi ríbi gbà, ó kọ háà wọ inú páìpù. Bàbá Ẹ̀rọ sáré padà sínú gbọ̀ngàn. A gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ wúkọ́, tó tún wúkọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, iná sì tàn. Ariwo ayọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn, odò nìkan ló pariwo jù ú lọ.

Ìyá Alága wọ bàtà rẹ̀ padà. “Ẹ̀rọ yìí lágbára ju èmi lọ,” ó ní. “Ẹ máa lo iná yín. A ò ní ti ilé-iṣẹ́. Ọ́fíìsì òkè yẹn nìkan la máa tì.” Ó gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì sọ fún un pé kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Wọ́n fi Bàbá Ẹ̀rọ dípò rẹ̀. Akọ̀wé tó ń kán tótó fún omi lọ kí i ní kíá, ó tẹ̀ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó ní ọgbọ́n ọ̀gá tuntun jinlẹ̀ ju odò lọ. Bàbá Ẹ̀rọ gbé ọwọ́ sí etí. “O ní kí ni?” Akọ̀wé tún un sọ. “O ní kí ni?” Ó ṣì ń tún un sọ títí di àkókò yìí, ó ti rù nítorí rẹ̀.

Ọ̀gá, tí kì í ṣe Ọ̀gá mọ́, kò mọ ibi tó máa lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dé ilé búrẹ́dì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, agbádá rẹ̀ tutù, òdòdó kan lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè dákẹ́ nígbà yẹn.”

“Mo lè dákẹ́.”

“Ẹ̀yin lẹ jù mí sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò yíjú kúrò lẹ́nu ààrò. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì jọ pé iná ààrò ló fà á.

“Bí ìwọ bá ṣubú, àbúrò mi, ilé mi wà, wá síbẹ̀. Bí ìlú yìí bá ṣubú sínú òkùnkùn, ilé ta ni kó lọ?”

Inú ààrò ń pọ́n dẹ̀dẹ̀, búrẹ́dì ń ta sánsán. Ọkùnrin náà bọ́ agbádá, ó ká a, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ọpọ́n ìyẹ̀fun sí i níwájú.

“Pò ó,” ó ní. “Má bá a sọ̀rọ̀ o. Pò ó ni.”